Ta Ni Oníbàárà Mi?

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ̀yin òǹkàwé, kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó ìdí iṣẹ́ àtúnṣe. Bí télọ̀ bá rán ṣòkòtò tó wọ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ á rí i. Bí olóúnjẹ bá da iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù, ẹnu á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a tú, tí a tún dé padà, tí a fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè pa, ta ni yóò yọjú wo inú rẹ̀? Ẹni tó tún un ṣe nìkan ló mọ̀, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wé wáyà tíránsífọ́mà ní Agbowó, lódìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Sítábíláísà ni mo ń rí jù, nítorí iná wa kì í dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n a máa gbé èyí tó ń wa rélùwéè ìṣeré wá, irú èyí tí àwọn tó kàwé lókè òkun láyé àtijọ́ rà fún ọmọ. Ilé iṣẹ́ Lionel, tí Joshua Lionel Cowen dá sílẹ̀ ní New York ní 1900, lókìkí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Tíránsífọ́mà ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní ZW jáde ní 1948, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ la tò léra, tí a wé ọ̀wọ́ wáyà méjì mọ́. Ọ̀kan ń gba iná ilé, èkejì ń fún ojú irin ní ìwọ̀nba iná tí kò ju bíi volt 20 lọ. Ọ̀wọ́ méjèèjì kò fara kanra. Agbára òòfà inú irin ló ń gbé iná láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, ọgbọ́n tí Michael Faraday fi han ayé ní 1831. Bébà àti fáníìṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ara wáyà, pẹ̀lú rọ́bà tó bo àwọn okùn iná, ni ògiri tó dúró láàárín ọwọ́ ọmọ àti iná tó lè pa á. Tíránsífọ́mà sì mọ ọ̀nà àbọ̀ bó ṣe mọ ọ̀nà àlọ. Bí ẹ bá so méjì mọ́ ojú irin kan ṣoṣo, tí ẹ fa pílọ́ọ̀gì ọ̀kan yọ lára ògiri, ẹnu pílọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn lè gbé iná ńlá.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, rélùwéè ìṣeré kan wà ní Jámánì tí iná ilé ń wọ̀ tààrà. Gílóòbù lásán ni wọ́n fi ń dín agbára rẹ̀ kù. Lónìí, òfin Yúróòpù kò gbà kí iná inú ohun ìṣeré ọmọdé kọjá volt 24. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbà ló ni kó mọ̀ fún un.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan gbé ZW wá bá mi láti Bódìjà.

"Ọ̀gá," ni bàbá wí, "kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ra eléyìí. Ọmọ ọmọ mi fẹ́ fi ṣeré ní Sátidé. Wáyà ẹnu rẹ̀ ló já, ṣáà bá mi so ó. Má pààrọ̀ nǹkan kan o, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá ni mo fẹ́ ẹ."

Mo tú u lójú wọn. Rọ́bà ara wáyà inú rẹ̀ ti gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń rún bí èérún àkàrà. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Bí mo bá so ó báyìí, yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wáyà iná ilé bá fara kan èyí tó lọ sójú irin, ọwọ́ ọmọ ló ń lọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ àwọn wáyà, kí n fi fíùsì sí i." Mo sọ iye owó.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ yìí! Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò pa mí. Ìwọ ló wá rí àìsàn lára rẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí mo sọ yẹn gan-an ni gbájúẹ̀ á sọ: "Inú rẹ̀ ti bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu olóòótọ́ àti òpùrọ́, owó kan náà ni wọ́n sì ń bèèrè. Òpùrọ́ ti ba ọjà jẹ́ kí olóòótọ́ tó dé. N kò lè bínú sí bàbá.

Ṣé kí n wá so ó bí wọ́n ṣe wí? Àwọn kan á ní ẹni tó ni nǹkan ló ni àṣẹ, àgbàlagbà sì ti sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, bó bá jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni bàbá fẹ́ gbé e sí kí wọ́n máa fi rántí ìgbà èwe wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ bàbá fúnra wọn ló máa wà nídìí rẹ̀, mo ti kìlọ̀, wọ́n ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jókòó ti ojú irin ní Sátidé kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń dúnàádúrà. Kò mọ rọ́bà, kò mọ volt. Kò sẹ́ni tó lè bá a gba ewu tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní, "Bí o kò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é." Bó bá ṣe é, ọwọ́ tirẹ̀ ló ṣe é. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gún mi, nítorí ẹlòmíràn ọ̀hún lè ṣe é burú ju tèmi lọ. Kí n kọ iṣẹ́, kí n ṣanwọ́, kí n dákẹ́, ìyẹn kò gba ọmọ náà là.

Bàbá gbé ẹrù wọn, ó di inú mọ́tò. Ìyá ọmọ náà ló wà á. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, bí wọ́n bá tún un ṣe níbòmíràn, ẹ ní kí wọ́n ṣí inú rẹ̀ hàn yín kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án." Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Obìnrin náà ní òun gbọ́. Wọ́n lọ. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì rí wọn mọ́.

Èrò tèmi nìyí: ẹni tó sanwó jẹ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fara kan iṣẹ́ náà láìlè bi wá léèrè ni oníbàárà tó ga jù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún mẹkáníìkì tó ń ṣe bíréèkì dáńfó ní Challenge: èrò ọkọ̀ ni oníbàárà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó ń pò sìmẹ́ǹtì mọ́ iyanrìn: ayálégbé tí kò tíì kó dé ni oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nǹkan wá fún wa pẹ̀lú, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ má kàn bi wá pé, "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" Ẹ dúró kí a tú u lójú yín. Ẹ sì jẹ́ ká mọ ẹni tí yóò máa fọwọ́ kàn án nílé.