ILẸ̀KÙN ÀTI ÌTẸ́: TA NI Ó NI OHUN ÀÀFIN?

Ní ọdún 1890 ni Onijagbo Obasoro Alowolodu di Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ó sì wà lórí oyè títí di ọdún 1928. Ní ìgbà tirẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkìtì. Ọba yìí ránṣẹ́ sí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tí ń sìn ní ààfin Arínjalẹ̀, ó sì gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún un. Lára ilẹ̀kùn kan, Ògògà dé adé, ó jókòó, ayaba sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, tí àwọn aláàárù gbé bọ̀ wá kí i.

Ní ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á. Ọba kò tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ̀ ọ́ ní pàṣípààrọ̀, ó gbà.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹnìkan lè wí pé, ó tọ́: ọba kọ owó, ó fi hàn pé ohun ààfin kì í ṣe ọjà, ìtẹ́ yẹ ọba, Ọlọ́wẹ̀ pàápàá sì wà láàyè títí di ọdún 1938. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tí ó wà lórí oyè kì í ṣe olóhun. Olùtọ́jú ni, fún àwọn tí ó ti lọ àti àwọn tí a kò tíì bí. Ìtẹ́ ṣe é jókòó lé, ṣùgbọ́n kò lè ròyìn Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn ni ó ń wí fún ọmọ ìlú pé, àlejò ni ó wá kí ọba, kì í ṣe ọba ni ó lọ kí àlejò. Lónìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ fojú rí i yóò la òkun kọjá.

Kí a má ṣe dá ọba lẹ́bi. Ohun tí ojú rẹ̀ tó ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa ni a fi nǹkan sí lọ́wọ́: olùkọ́ ní ìwé àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́, baálé ní ẹrù ìdílé. Kí a tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: èyí tí a ó gbà, ǹjẹ́ yóò lè sọ fún àwọn ọmọ wa ohun tí èyí tí a fi sílẹ̀ ń sọ?