Ìró Kì Í Ṣe Irọ́: Àròjinlẹ̀ Lórí Ìró Ọkọ̀ Nínú Sinimá

Àmì díẹ̀ péré ni ó ya ìró sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ yóò pe ariwo ní èké, yóò sì pe èké ní ariwo. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe sinimá, ọ̀rọ̀ náà ju àṣìṣe àkọsílẹ̀ lọ. Ẹni tí ó mú ìró kan tí kò ti ara ọkọ̀ wá, tí ó fi í sábẹ́ àwòrán ọkọ̀, tí òǹwòran sì gbà á gbọ́, ṣé irọ́ ni ẹni náà pa?

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó yẹ kí ó mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣe sinimá kúkúrú, nínú èyí tí dáńfó ògbólógbòó kan yóò wọ abúlé lóru, tí yóò dúró, tí ìyá arúgbó kan yóò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n so makirofóònù mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n sì gba ohùn dáńfó náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́tí sí i, ohun tí wọ́n gbọ́ kò jọ ti ọkọ̀ rárá: atẹ́gùn ń fẹ́ fùù lójú makirofóònù, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn, ẹ́ńjìnnì sì ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń da yanrìn sínú garawa. Ọkọ̀ gidi ni, ìró gidi sì ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé etí ọmọ ènìyàn a máa ṣa ohun tí ó fẹ́ gbọ́ láàárín ariwo. Ẹ̀rọ kì í ṣà. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé mì.

Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń to ìró ọkọ̀ pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọn a gba ohùn ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó ń wúkọ́ kí ó tó mú, nígbà tí ó ń kùn lójú kan, àti nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Wọn a gba ohùn jíà bí ó ti ń wọlé, ti táyà bí ó ti ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́, àti ti ilẹ̀kùn bí ó ti ń dún gbàgà. Wọn a gbé makirofóònù kan sí ẹ̀bá ẹ́ńjìnnì, òmíràn sí ẹ̀yìn nítòsí saléǹsà, òmíràn sínú ọkọ̀, nítorí pé ohun tí èrò inú ọkọ̀ ń gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tí ó dúró létí ọ̀nà ń gbọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ń kọjá, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga bí ó ti ń bọ̀, kí ó sì wálẹ̀ bí ó ti ń lọ. Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó gbé àlàyé irú ìyípadà báyìí kalẹ̀ ní ọdún 1842. Ní ọdún 1845, Buys Ballot dán an wò ní ilẹ̀ Netherlands: ó kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì ní kí àwọn tí etí wọn mọ orin dáadáa dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti máa gbọ́ wọn. Sinimá tí ó bá gbàgbé òfin yìí, ọkọ̀ inú rẹ̀ yóò dà bí àwòrán tí ẹnì kan ń fà kọjá lára ògiri.

Àwọn mìíràn lọ jìnnà ju èyí lọ. Jack Foley (1891–1967), tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Universal ní Amẹ́ríkà, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ fífi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dá ìró sí sinimá nínú yàrá. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ odindi nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Nínú *Duel*, tí Steven Spielberg darí ní ọdún 1971, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá náà já sínú ọ̀gbun, igbe ẹranko abàmì láti inú sinimá àtijọ́ kan ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ìró ikú rẹ̀. Ní ọdún 1977, Ben Burtt da igbe erin pọ̀ mọ́ ìró ọkọ̀ tí ń sáré lórí títì tí omi wà, ó sì fi í ṣe ohùn ọkọ̀ òfuurufú inú *Star Wars*.

Ẹni tí ó fẹ́ràn òtítọ́ lè sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo èyí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ta ni ó gbọ́ igbe ẹranko lẹ́nu ọkọ̀ akẹ́rù rí? Àtakò yìí lágbára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín lé e lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ ju ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ. Òpùrọ́ fẹ́ kí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ má mọ ohun tí òun ń ṣe, ẹni náà ì bá sì kọ̀ bí ó bá mọ̀. Nígbà tí apàlọ́ bá ní "Àlọ́ o!", tí àwọn ọmọdé sì dáhùn pé "Àlọ̀!", májẹ̀mú ti wà láàárín wọn. Kò sí ọmọ tí yóò fi ẹjọ́ sùn lọ́la pé wọ́n parọ́ fún òun pé ìjàpá sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó wo eré Alárìnjò mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú awọ ọ̀nì tí ń wọ́ nílẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ kò dín ìgbádùn rẹ̀ kù.

Síbẹ̀, májẹ̀mú yìí ní ààlà. Bí ẹni tí ń ya àwòrán ìròyìn bá fi ìró ìbọn sábẹ́ ọkọ̀ tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, kò sí àlọ́ níbẹ̀; òpùrọ́ ni. Ààlà kejì fara sin ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ sinimá ni táyà ti ń han gooro lórí ilẹ̀ yanrìn, níbi tí táyà kì í ti í han. Àwọn kan a sì mú ìró ọkọ̀ olówó ńlá ti ilẹ̀ òkèèrè, wọn a fi í sábẹ́ dáńfó. Òǹwòran gbà kí wọ́n dá ìró fún òun. Kò gbà kí wọ́n ṣe bí ẹni pé òun kò létí. Ẹni tí ó ti jókòó nínú dáńfó rí mọ bí àga rẹ̀ ti ń dún àti bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń yọ̀ lójú irin. Fífi ìró àjèjì bò ó mọ́lẹ̀ jẹ́ àìka ìrírí rẹ̀ sí.

Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò nínú sinimá wọ ìgboro. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ BMW gbé M5 tuntun jáde, ó sì ń gba inú ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi ń gbọ́ orin rán ohùn ẹ́ńjìnnì sí i létí. Awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yóò rò pé agbára ọkọ̀ òun gan-an ni òun ń gbọ́. Níbẹ̀, ta ni ó pe àlọ́, ta ni ó sì dáhùn? Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná kì í pariwo bí ó bá rọra ń rìn, ó sì lè kọlu afọ́jú tí ó ń fi etí sọdá títì. Nítorí èyí ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi pàṣẹ, láti oṣù Keje ọdún 2019 fún oríṣi tuntun tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àti láti oṣù Keje ọdún 2021 fún gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó bá jẹ́ tuntun, pé kí wọ́n máa dá ìró nígbà tí eré wọn kò bá ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan lọ. Ìró àtọwọ́dá ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ó ń sọ: ó ń sọ pé ọkọ̀ ń bọ̀, kí ẹni tí ó wà lọ́nà yà.

Ibí yìí ni ìdáhùn wà. Ibi tí ìró ti wá kọ́ ni yóò sọ bóyá irọ́ ni, bí kò ṣe ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ. Igbe ẹranko inú *Duel* kò sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀fun. Ó sọ pé ohun tí ó ti ń lé ọkùnrin kan kiri láti òwúrọ̀ ti kú. Yorùbá fúnra wọn mọ ọgbọ́n yìí, nítorí orúkọ alùpùpù ń dún létí bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pe orúkọ náà ní èké.

Kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn padà, nígbà náà, sọ́dọ̀ onídáńfó ní òru tí jẹnẹrétọ̀ ti kú. Kí wọ́n fi aṣọ bo makirofóònù, kí wọ́n gba ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, kí wọ́n gba ilẹ̀kùn lọ́tọ̀. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá dún tó, kí wọ́n wá irin mìíràn tí yóò dún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí ìyá arúgbó náà gbọ́ nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀ tí ó sì lọ, tí abúlé padà dákẹ́. Bí wọ́n bá mọ èyí, wọn kò ní parọ́, ibi yòówù kí wọ́n ti rí ìró wọn.