Ẹ̀rí Egungun

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a dájọ́ ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí? Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní kò tọ́. N kò gbà, àwa tí ń kọ́ èdè ṣáà ń fi ọ̀rọ̀ tí ó kù wádìí èyí tí ó ti kú.

Ní ọdún 1821, ní Kirkdale ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń wa òkúta já sí ihò àpáta kan tí egungun kún. Wọ́n rò pé ti màlúù ni, wọ́n sì dà á sójú ọ̀nà. Àṣé ti erin, àgbáǹréré àti erinmi wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ìkookò lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ènìyàn ìgbà náà a máa sọ pé ìkún omi Nóà ni ó gbé irú egungun bẹ́ẹ̀ wá láti ilẹ̀ olóoru. William Buckland, àlùfáà tí ń kọ́ni ní Oxford, gba ìkún omi náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ẹnu ihò náà kò gba odidi erin. Ojú eyín wà lára egungun. Ìgbẹ́ ìkookò wà níbẹ̀, funfun bí ẹfun. Àgbọ̀n ọmọ ìkookò tí eyín àkọ́hù rẹ̀ kò tíì ká wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn tí ń kó ẹranko kiri fún ìran wíwò mú ìkookò alààyè dé Oxford, wọ́n fún un ní egungun màlúù. Buckland fi ìyókù wé ti Kirkdale: bákan náà ni. Ilé ìkookò ni ihò náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ẹran wá ní ègé ègé.

Ojú tì mí bí mo ti ń kà á. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹran poora nínú ìkòkò ìyá wa. Mo rí egungun lẹ́yìn àpótí tí àbúrò mi ń sùn tì, mo ké gbàjarè, Bàbá sì nà án. Lọ́jọ́ kẹta ni a gbọ́ igbe ọmọ ológbò lẹ́yìn àpótí kan náà. Ìyá wọn ti bímọ síbẹ̀. Egungun náà kò purọ́, èmi ni n kò wò ó wò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó parí.

Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1823, Buckland ṣì ń sọ pé ìkún omi Nóà ni ó kó ẹrẹ̀ bo egungun wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1836 ó kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn, lójú gbogbo ayé, pé òun kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ti di ọmọ ogún ọdún báyìí. N kò tíì bẹ̀ ẹ́.