KÍ NI A Ó FI RÁNTÍ ÌYÁ ÀGBÀ?



Bí ìyá àgbà kan bá sùn nínú Olúwa, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ohun tí à ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: aṣọ wo ni ẹbí máa dá? Màlúù mélòó ni a ó pa? Ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹun tán, tí wọ́n sì ti kó àga lọ, kí ló kù tí a ó fi rántí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìwé Mímọ́. Nínú 2 Tímótíù 1:5, Pọ́ọ̀lù dárúkọ Lóìsì, ìyá ńlá Tímótíù. Orúkọ ìyá yìí kò tún jáde níbòmíràn nínú Bíbélì. A kò gbọ́ pé ó ṣe iṣẹ́ ìyanu, a kò sì mọ bí wọ́n ti sin ín. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà nínú Yùníìsì ọmọ rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e ni Pọ́ọ̀lù ti ní kí Tímótíù ru ẹ̀bùn Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀ sókè, bí ẹni ń fẹ́ iná. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe oko tí a ń jogún lórí ìjókòó.

Ẹ tún wo Dọ́kásì ní Jọ́pà, Ìṣe 9:39. Nígbà tí ó kú, àwọn opó kò dá aṣọ tuntun. Aṣọ tí ó rán nígbà tí ó wà láàyè ni wọ́n gbé jáde, tí wọ́n ń fi han Pétérù tẹkúntẹkún.

Ìyá tó bí ìyá mi kò mọ̀wé, àkàrà ló ń dín tà. Ẹnu ló fi mọ Sáàmù, ìsìn Ọjọ́rú kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Kí ó tó gbé àkàrà dé ìta, ó ti bu ti ìyá afọ́jú ẹ̀yìnkùlé wa sọ́tọ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò lè wá rà ni kó kọ́kọ́ jẹ." Bí èmi bá ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, tí ebi sì ń pa aládùúgbò mi, ṣé mo rántí rẹ̀ nìyẹn? Ẹnu lásán ni.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Alàgbà, ṣé ká wá sin àgbà bí ẹni sin adìẹ ni?" Rárá o. Àsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yẹ àgbà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí owó oògùn fún ìyá rẹ̀ láàyè, tó wá yá owó ra màlúù nígbà tó kú, ta ló ń yẹ́ sí? Àwọn àgbà ní òkú kò mọ iye à ń ràgọ̀. 1 Tímótíù 5:4 ní kí ọmọ àti ọmọ ọmọ san oore padà fún àwọn òbí wọn. Ẹni tó wà láàyè ló lè gbà á.

Nítorí náà, ará, bí ìyá àgbà rẹ bá ti lọ, mú iṣẹ́ rere kan tí ó ń ṣe, kí o máa ṣe é lọ. Bí ó bá ṣì wà, dìde lónìí, lọ kí i, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo.

Olúwa kò ní jẹ́ kí iná ìgbàgbọ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.