Ta Ni Ebi Ń Pa Níbí?

Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ láti fi ran àwọn tí ebi ń pa lọ́wọ́, ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ti yó náà jókòó bá wọn jẹ níbẹ̀? Ṣé ó tọ́ kí ìlù máa dún, ká máa jó, ká máa gbádùn ara wa, níbi tí a ti sọ pé àánú la wá ṣe? Àbí ìgbádùn àti àánú ò lè jókòó sórí ẹní kan ni?

Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn mi kì í pẹ́. Màá ní rárá. Ẹni tó ti yó, kó máa lọ sílé ẹ̀. Oúnjẹ àwọn tí ebi ń pa, àwọn ni kó jẹ ẹ́. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wá pín oúnjẹ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí hóstẹ́lì wa nígbà kan. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Owó ọkọ̀ gòkè, oúnjẹ náà tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ yìí ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́, mo sì gbà. Èmi ni mo mú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Ìlànà wọn ni pé kí kálukú tò sórí ìlà, kó fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, kí n bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló jẹun lánàá, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, á gba ìrẹsì, á dojú kọ kámẹ́rà, á rẹ́rìn-ín. Ìdí wọn ò burú. Àwọn tó dá owó fẹ́ rí i pé ọwọ́ àwọn tí ó yẹ ni oúnjẹ bọ́ sí.

Nígbà tó yá, ìlà fẹ́ dàrú. Inú bí mi, mo sì pariwo: “Ta ni ebi ń pa níbí ná? Ẹni tí ebi ò bá pa, kó yàgò!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà láàárín ìlà. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó fọwọ́ kan àpò ẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó yí padà, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní, “Mo ti jẹ, jàre. Mo yó.” Kọ́ọ̀bù gáàrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. A ti jọ gbé yàrá yẹn fún sẹ̀mẹ́sítà kan ó lé. Mi ò mọ̀ rí pé 0-1-0 ló ń jẹ, pé lọ́jọ́ mìíràn gan-an, 1 àárín yẹn ò sí.

Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá jẹ nǹkan ẹni, kò ní lè wo ojú ẹni kó ṣe ibi sí ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà yàtọ̀: ojú ló kọ́kọ́ tì, ẹnu ò sì rí nǹkan jẹ mọ́. Ìrẹsì wà nínú kúlà, ó kù sílẹ̀ pàápàá. Ìwé orúkọ mi pé pérépéré. Ẹni tí a tìtorí ẹ̀ se oúnjẹ ló lọ mu omi gáàrì sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí wé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà bá ládùúgbò. Ṣé ẹ rántí ẹ̀wà ìbejì? Ní àdúgbò wa, bí Ìyá Ìbejì bá fẹ́ se ẹ̀wà, a ti máa ń gbọ́ òórùn epo pupa kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé àwo ràgàjì sílẹ̀ lójúde, ẹ̀wà á máa rú èéfín, àkàrà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nígbà mìíràn àádùn àti ìrèké. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jẹun o!” Ta ni Ìyá Ìbejì bi léèrè pé ó jẹun lánàá? Kò sí. Ọmọ ẹni tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀, ọmọ aláṣọ òkè wà níbẹ̀, ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò dáná láti àná náà wà níbẹ̀. Gbogbo ọwọ́ ló ń wọnú àwo kan náà. Ọmọ tí ebi ń pa jù lè jẹ jù, kí a kàn sọ pé ọ̀kánjúwà ni. Ẹ gbọ́ o, ó tẹ́ ọmọ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní ọ̀kánjúwà ju kí wọ́n pe ìyá ẹ̀ ní aláìní lọ.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Ìyá Ìbejì nílò wa. Bí kò bá sí ọmọ tí yóò jẹ ẹ̀wà náà, tí yóò kọrin fún Táyé àti Kẹ́hìndé, tí yóò ṣe àmín sí àdúrà, ẹ̀wà lásán ló sè. Tí a bá jẹun tán, tí a ní “Ẹ ṣé, mà,” òun náà á ní, “Ẹ̀yin lẹ ṣeun, ọmọ mi.” Kì í ṣe ẹnu lásán ló fi ń sọ ọ́. Ẹni tó ń jẹ náà ń fúnni ní nǹkan. Ìyẹn ló jẹ́ kí orí ẹ̀ wà lókè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò ní fọwọ́ kan ẹ̀wà ìbejì torí ẹ̀sìn. Mi ò bá yín jà. Ẹ wo Iléyá nígbà náà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ ni pé kí wọ́n pín ẹran sọ́nà mẹ́ta: ti inú ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, àti ti aláìní. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, lójú títì, ta ló lè dá abọ́ aládùúgbò mọ̀ yàtọ̀ sí abọ́ aláìní? Ọmọdé kan náà ló ń gbé méjèèjì kiri, ọmọrí kan náà ló bò wọ́n. Àwa ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jẹ ẹran Iléyá, wọ́n jẹ ìrẹsì Kérésì wa. Láàárín gbogbo abọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé abọ́ yẹn ni gbogbo oúnjẹ wọn lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ọdún bò wọ́n láṣírí.

Ẹ̀wà ìbejì pàápàá ò dúró sílé. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé àṣà ìbejì dé Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ní ìlú Salvador, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, ní àkókò ọdún Cosme àti Damião, àwọn ìbejì ìjọ Àgùdà tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Ìbejì tiwa, wọ́n máa ń se caruru. Ilá ni, pẹ̀lú epo pupa àti edé, ẹ̀wà náà sì máa ń wà níbẹ̀. Ọmọ méje ló kọ́kọ́ máa ń jẹ. Lẹ́yìn wọn ni àgbàlagbà àti ẹnikẹ́ni tó bá yà. Ẹ rò ó wò: àwọn tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ wọn ló ní ìdí jù láti fi oúnjẹ pamọ́. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n rántí ni kí ọmọ ọlọ́mọ kọ́kọ́ jẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò nìyẹn, pé kò lè ṣeé ṣe níbi tí èrò bá pọ̀. Ó ṣeé ṣe. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní ilẹ̀ Íńdíà ní ilé ìdáná tí wọ́n ń pè ní langar. Ó ti wà láti ayé Guru Nanak, tó kú ní ọdún 1539. Ní tẹ́ńpìlì ńlá wọn ní Amritsar, èèyàn tó lé ní 50,000 ló ń jẹun níbẹ̀ lójúmọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í béèrè ẹ̀sìn ẹni, wọn kì í béèrè bóyá ebi ń pa ẹni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí, olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tálákà, nítorí wọn ò fẹ́ kí ibi ìjókòó ẹnikẹ́ni ga ju ti ẹnìkejì lọ. Ẹni tó ń fọ abọ́ lè jẹ́ dókítà. Ẹni tó ń jẹ lónìí lè wá gé àlùbọ́sà lọ́la.

Ó wá ku àtakò méjì tí mi ò lè fò dá. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó yó máa jẹ oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní mo se oúnjẹ èèyàn 20, tí 8 nínú wọn ti yó kí wọ́n tó dé. Lójú akọ̀wé tó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́, abọ́ 8 ti ṣòfò. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Abọ́ 8 yẹn ni aṣọ tí àwọn 12 yòókù fi bora. Bí a bá yọ àwọn 8 kúrò, ìhòòhò la fi àwọn 12 sí, àwọn kan nínú wọn á sì wábi sá sí. Lóòótọ́, níbi tí oúnjẹ ò bá tó rárá, bí ìgbà ogun tàbí omíyalé, ìwé orúkọ di dandan. Ṣùgbọ́n a lè kọ orúkọ láìpariwo ẹ̀. A sì lè kan ilẹ̀kùn èèyàn lóru láìsí kámẹ́rà.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àríyá ọmọdé kan ní Ìbàdàn, wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọmọ 35 ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń pín oúnjẹ Kérésì ní Abuja àti ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, èèyàn 10 kú lọ́hùn-ún, 22 kú níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu dídùn kọjá lórí ikú àwọn èèyàn yìí. Ṣé kì í ṣe pípe gbogbo ayé wá jẹun ló fà á? Lójú tèmi, ohun tó pa wọ́n ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, èrò tó pọ̀ jọjọ, àti ìbẹ̀rù pé yóò tán kí ó tó kàn mí. Ìyá Ìbejì ò pe gbogbo ìlú. Ó pe àwọn ọmọ tó mọ orúkọ wọn, Ìyá Ìbejì mìíràn sì wà ní àdúgbò kejì. Ìkòkò kékeré púpọ̀ sàn ju ìkòkò ńlá kan tí a kọ́ géètì sí lẹ́nu.

Òwe kan tún wà: àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò ní. Ó máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń lé ẹni tí kò ní kúrò nídìí àwo. Ní báyìí mo gbọ́ ọ bí ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń sè: wá nǹkan tí ẹni yẹn máa mú wá. Oṣù tó kọjá, àwa bíi mélòó kan se ẹ̀wà lẹ́yìn hóstẹ́lì ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Ẹnìkan mú epo wá, ẹnìkan mú gáàrì, ẹnìkan mú ata, àwọn kan mú ọwọ́ lásán wá, wọ́n ṣa ẹ̀wà. Orin wà. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí owó wà lọ́wọ́ wọn jẹ lẹ́ẹ̀mejì láìtijú, ìkòkò tán kí àwọn tó pẹ́ dé tó rí jẹ, ìyẹn sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló ro ẹ̀wà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń pàṣẹ fún wa bí ìyá olóńjẹ. Ó jẹ, ó tún bù ú.

Kí n tó kọ èyí, mo tọ̀ ọ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ nípa ọjọ́ ìrẹsì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Kọ ọ́, ṣùgbọ́n má dárúkọ mi. Kì í ṣe ìrẹsì ni mo sá fún. Ohùn ẹ ni.”

Ìdáhùn tí mo ní sí ìbéèrè mi nìyẹn. Ó tọ́ kí ẹni tó yó jẹ, kó sì gbádùn ẹ̀, tó bá jẹ́ pé jíjẹ ẹ̀ ni ẹlòmíràn máa fi rí àyè jẹ. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ̀wà tún wà lórí iná lẹ́yìn hóstẹ́lì, ìkòkò á sì di méjì. Ẹni tó bá ní epo, kó gbé e wá. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan, kó mú ẹnu àti orin wá. A ò ní bi yín ní nǹkan kan.