Ẹ̀rọ Tí A Fi Àlòkù Irin Tún Ṣe: Ǹjẹ́ Ti Àtijọ́ Náà Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ àti èké wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú katakata kékeré kan, irú èyí tí a fi ń gé koríko pápá, tí ó ti di ògbólógbòó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. A ra àlòkù òmíràn ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Táyà rẹ̀ jẹ. A wá ti kẹ̀kẹ́ Márúwá sí i. Jórinjórin fi irin mọ́tò tí ó ti dẹnu kọlẹ̀ ṣe ìjókòó fún un. Bẹ́líìtì lọ, jíà lọ, bíréèkì náà lọ. Nígbà tí ó yá, kò ku ohun kan nínú èyí tí ó bá a ti ìlú òyìnbó wá bí kò ṣe férémù rẹ̀, a sì ti jó ìyẹn pàápàá ní ibi mẹ́ta. Ǹjẹ́ katakata ti ìṣáájú ni èyí, tàbí òmíràn?

Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Plutarch, ará Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ̀wé nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus tí àwọn ará Áténì tọ́jú: bí pákó kan bá jẹrà, wọn a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, títí àwọn amòye fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ náà ni síbẹ̀. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún fi èyí kún un pé bí ẹnì kan bá ṣa àwọn ògbólógbòó pákó wọ̀nyí jọ, tí ó sì tò wọ́n bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, èwo nínú ọkọ̀ méjèèjì ni a ó pè ní ti Theseus? Àwọn mẹkáníìkì wa lè má ka ìwé Hobbes rí, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ṣe àpèjúwe ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ṣàṣà ni irin tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ kan tí kì í padà wọ inú òmíràn.

Àwọn baba wa ti fi ìwà dáhùn kí a tó rí ìwé kà. Àgbẹ̀ a pààrọ̀ èrúkọ́, a sì pààrọ̀ irin ọkọ́ lẹ́yìn náà, síbẹ̀ ọkọ́ baba òun ni yóò máa pè é. Bí a kò tilẹ̀ sí nínú ẹ̀sìn eégún, a mọ̀ pé aṣọ tuntun tí a ń rán mọ́ ẹ̀kú lọ́dọọdún kì í yí orúkọ eégún padà. Ẹ wo àwọn agbo ilé wa ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù: bẹẹrẹ ti di páànù, ògiri amọ̀ ti di búlọ́ọ̀kù, àwọn tí ó kọ́ wọn ti sùn, orúkọ agbo ilé sì wà síbẹ̀. Lójú tiwa, ìtọ́jú tí kò dáwọ́ dúró àti iṣẹ́ tí kò yí padà ni ó so ohun àtijọ́ mọ́ ti òní.

Nítorí náà ni a kò fi lè gbà pé àtúnṣe àti àfikún agbára jẹ́ ọ̀kan. Koríko ni a ṣe katakata kékeré fún. Jíà rẹ̀ fúyẹ́, bíréèkì rẹ̀ kò sì le púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára ní ìlọ́po méjì sínú rẹ̀, tí ó sì fi irin ìtúlẹ̀ so mọ́ ọn lẹ́yìn, ti di ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí. Jíà yóò ká léyín, tàbí kí bíréèkì kọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí onítọ̀hún bá tà á fún ẹlòmíràn, tí ó ní, “Katakata mi àtijọ́ náà ni, mo kàn tún un ṣe ni,” gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè jọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó ti tan ẹni tí yóò jókòó lé e.

Ọ̀ràn kan tún kù tí ó wúwo jù lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi sípíríǹgì lọ́rì rọ ọkọ́ àti àdá, a sì ń yìn wọ́n, nítorí irin tí ìbá máa dípẹtà nínú igbó ni ó di oúnjẹ. Ṣùgbọ́n láti ibo ni irin ti wá? Láàárín ọdún 1907 sí 1908 ni a la ojú irin rélùwéè láti Òṣogbo kọjá lọ́dọ̀ wa dé Ìlọrin. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan nípa àwọn tí ń tú irin rélùwéè tà bí panti ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, nígbà tí irin àáké jábọ́ sínú odò, igbe tí ọmọ wòlíì náà ké ni pé a yá a ni. Bí irin ti ṣòro láti rí tó nígbà náà, ti ẹni tí ó ni ín ni ó kọ́kọ́ rántí.

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí ń ra irin ní kílò kò lè mọ orísun rẹ̀. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀ ní ti páànù àti férémù kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ńlá rélùwéè àti irin tí ó di ojú irin mú kò jọ ti mọ́tò kankan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta sì lè fi ọwọ́ lásán dá wọn mọ̀ nínú òkùnkùn.