Ǹjẹ́ Ohun Tí Ojú Kò Rí Wà?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan fa òwe yìí gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n ní ohun tí ojú kò bá rí, kò sí. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a máa gba gbogbo ohun tí a bá ròyìn fún wọn gbọ́. Èwo ni kí ọmọlúàbí mú nínú méjèèjì?

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lè la ni lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lára ìtànṣán tí ń ti ojú ọ̀run wá ni X-ray wà, irú èyí tí dókítà fi ń wo egungun. Ojú kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ tí ó bo ayé a sì máa fà á mu kí ó tó dé ilẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé awò rẹ̀ lọ sí òfuurufú. Bí X-ray bá kọlu dígí ní tààrà, kì í ta padà. Ńṣe ni a ń dẹ dígí náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ìtànṣán lè ta lára rẹ̀ bí òkúta pẹlẹbẹ ti í ta lójú omi.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ sókè láti wá X-ray lára òṣùpá. Ohun tí wọn kò wá ni wọ́n rí: ìtànṣán líle láti ọ̀nà jíjìn réré, ní ibi tí a wá ń pè ní Scorpius X-1. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970, a ti etíkun Kenya rán sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a ṣe fún X-ray ojú ọ̀run nìkan lọ sókè. Àyájọ́ òmìnira Kenya ni ọjọ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili. Ó rí orísun X-ray tí ó lé ní 300.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó yẹ̀ wò ni Cygnus X-1, níbi tí ìràwọ̀ ńlá kan ti ń yí po pẹ̀lú ohun kan tí kò hàn sí ojú. Ní ọdún 1974, Stephen Hawking bá Kip Thorne ta tẹ́tẹ́ pé ohun náà kì í ṣe ihò dúdú. Nígbà tí ẹ̀rí pọ̀ tó, ní ọdún 1990, Hawking gbà pé òun kò jàre.

Ẹnìkan lè béèrè pé: àwa tí a kò lè dé òfuurufú, ṣé kì í ṣe ìròyìn náà ni a gbà gbọ́? Ìròyìn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan ju ìròyìn kan lọ. Ẹni tí ó ní kí a gba òun gbọ́ nítorí ipò òun ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè. Ẹni tí ó fi ọ̀nà tí ó gbà mọ̀ hàn, tí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un wò, tí ó sì gbà bí ẹ̀rí bá já òun, òun ni ó yẹ kí a fi etí sí.

Ohun tí ojú kò rí wà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni kí a máa béèrè. Olùkọ́ tí ó bá ń sọ fún ọmọ pé, "Báyìí ni a ṣe mọ̀ ọ́n," ti fún un ní ohun tí ó ju ìmọ̀ ọjọ́ kan lọ.